Iṣu Tó Wà Nínú Àkàrà Ẹja Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ará ilé ọkọ mi, ẹ̀yin ọmọ tí mo bí, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ ìpè mi. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń rò ó lójú ọ̀nà pé bóyá ogún ni mo fẹ́ pín, tàbí pé àìsàn yìí ti fẹ́ gbé mi lọ, tí mo sì fẹ́ dágbére. Kì í ṣe èkíní, kì í ṣe èkejì. Nínú pálọ̀ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí Bàbá Bísọ́lá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti olórí ẹbí wa, jókòó sí yìí, ni mo ti pa irọ́ kan ní ìṣojú gbogbo yín, tí mo sì gbé ọwọ́ lé Bíbélì ọkọ mi láti fi dè é mọ́lẹ̀. Irọ́ náà ti bá mi gbé pẹ́. Ó ń bá mi jẹun, ó ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá mi sin òkú. Lónìí, mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ níbi tí mo ti sọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dá mi dúró, ẹ má sì ṣe bá mi sunkún, nítorí bí mo bá dákẹ́ lágbedeméjì, n kò mọ̀ bóyá ọkàn mi yóò tún gbà kí n bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wà níbí, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́sẹẹsẹ. Ní ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọ ilé yìí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó Caleb, àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń bu omi náà, ó ní kí n rọra, kí ìyàwó àwọn má yọ̀ ṣubú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ; mo wo eyín rẹ̀, mo sì sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Láti ọjọ́ náà, n kò pe Morónkẹ́ ní Morónkẹ́ mọ́, àfi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ óò gbọ́ ọjọ́ náà. Ó lọ sílé ọkọ ní Ìlúmọba, ọkọ rẹ̀ kú, ó sì padà wá bá wa gbé ní Èmùré, nínú yàrá tó kángun sí ilé ìdáná. Kò ṣẹ̀ mí lọ́jọ́ kan rí. Ọwọ́ rẹ̀ ni iyán ilé yìí ti ń wá, ọkọ mi a sì máa sọ pé bí a bá fi iyán Morónkẹ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí, ẹni tó sùn lé e kò ní mọ̀ pé kì í ṣe òwú.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ lódìlódì, ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ̀wù rẹ̀ sì ń tóbi jù ú lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn kan, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Dókítà ní kí ó jìnnà sí iyán, sí ẹ̀bà, sí ìrẹsì, sí búrẹ́dì. Ọkọ mi béèrè bóyá iyán kékeré kò lè ṣe nǹkan kan. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ọkùnrin Èkìtì kan tí kì í béèrè ìbéèrè yẹn, òun kò sì tíì rí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ ohun tí à ń pè ní kékeré. Nọ́ọ̀sì tí ń kọ́ àwọn aláìsàn ní oúnjẹ ni ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ó sì kọ́ mi ní àkàrà ẹja. Kí n bọ ẹja, kí n yọ gbogbo egungun rẹ̀, kí n fi aṣọ mímọ́ fún omi rẹ̀ dànù pátápátá. Kí n pò ó mọ́ ẹyin, àlùbọ́sà, ata àti ẹ̀gúsí lílọ̀ díẹ̀, kí n pa á ní pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, kí n fi í sínú fíríìjì kí ó le, kí n tó dín in nínú epo díẹ̀. Ó ní kí n má fi iṣu sí i, kí n má fi fulawa sí i, kí n má sì kánjú yí i padà. Ó ní bí mo bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ọkọ mi lè jẹ ẹ́ títí yóò fi yó, nítorí kò sí ohun tó lè gbé ṣúgà rẹ̀ sókè nínú rẹ̀.

Mo ṣe é, ó fọ́. Iná mànàmáná kò sí, fíríìjì wa gbóná bí àpótí lásán, èmi náà kò sì ní sùúrù. Mo ti jẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò mọ bí a ti ń kùnà lójú ẹlòmíràn. Bí mo bá ti fi ṣíbí kàn án báyìí, á túká sínú epo bí ilé ìkán tí òjò pa. Mo kó àfọ́kù rẹ̀ sínú àwo, mo gbé e fún ọkọ mi. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́, ó sì wò mí lójú. Ó ní, “Màmá Ṣọlá, ẹja nìyí. Oúnjẹ wá dà?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Lójú wa ní ilẹ̀ yìí, ẹni tí kò bá jẹ iyán kò tíì jẹun. Gbogbo ohun mìíràn, ìpanu ni. Bàbá Bísọ́lá dé lọ́sẹ̀ náà, ó ká ọkọ mi mọ́ ìdí àwo, ó sì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ológbò ni mo fi ń sin àbúrò òun. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Bàbá, ẹ má sọ orí kodò. Ẹ kò mọ ohun tí ẹ fi ń ṣeré. Mo wọlé lọ, mo sì búra nínú ara mi pé ọkọ mi kò ní tún jẹ àfọ́kù lójú ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tí Eyínfúnjowó ṣe lákòókò náà, ẹ fi í sọ́kàn. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti ń gún iyán tòun lẹ́yìn ilé, ọkọ mi a dákẹ́ ìwé kíkà, a gbé orí sókè, a sì máa tẹ́tí sí ìró odó bí ẹni tí wọ́n ń pè láti òkèèrè. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé ọmọrí odó léjìká, ó sì ń lọ gún iyán rẹ̀ ní ilé Ìyá Lọ́lá, aládùúgbò wa, níbi tí ìró rẹ̀ kò ti lè dé etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ó ti ń jẹ ẹ́, tí ó sì ń fọ ọwọ́ kí ó tó wọlé. Mo bi í léèrè. Ó ní, “Ìyàwó mi, ebi kọ́ ni ó ń pa bùrọ̀dá, ìró odó ni. A kì í fi ohun tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ jẹ ṣe orin sí i létí.” Mo yìn ín lọ́jọ́ náà. Mo ní kò sí irú ọmọ ọkọ tèmi. Ẹ rántí pé mo mọ ìdí tí ó fi ń gbé ọmọrí odó jáde.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan iṣu, àwọn àgbà ìjọ fẹ́ wá kí ọkọ mi. Mo po ẹja, ó rọ̀ ju bó ti yẹ lọ, mo sì mọ̀ pé yóò fọ́. Iṣu bíbọ̀ kan tí Eyínfúnjowó jẹ kù wà nínú ìkòkò. Mo bu díẹ̀, tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kúnná, mo sì pò ó mọ́ ọn. Mo wí fún ara mi pé kí ni èyí lè ṣe? Kí ni iṣu lè fi ẹni tí iṣu wò dàgbà ṣe? Ìwọ obìnrin tí o kàwé, tí nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ṣé ìwọ ni o ń bi ara rẹ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Àkàrà náà kò fọ́. Ó le dáadáa, ó pọ́n yíká, ó sì rọ̀ nínú. Ọkọ mi jẹ ẹ́ níwájú àwọn àlejò, ojú rẹ̀ sì là bí ojú ẹni tí ó ti àjò dé. Ó na àwo sí wọn, ó ní, “Ẹ wá wo ohun tí ìyàwó mi ń ṣe fún mi láìsí iṣu, láìsí fulawa.” Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn bẹ̀ mí pé kí n kọ́ òun bí a ti ń ṣe é, nítorí ìyá òun náà ní àtọ̀gbẹ. Mo jókòó tì í, mo kọ́ ọ lẹ́sẹẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì fo ẹyọ ohun kan.

Ìyìn ni ó pa mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyìn dùn ju oyin lọ, kò sì sí dókítà tí ó kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, mo fẹ́ ṣe é láìfi iṣu sí i, mo rántí ojú ọkọ mi, mo sì tún bu díẹ̀. Àtàǹpàkò di ìkúùkù. Kò pẹ́ tí ó fi jẹ́ pé iṣu ni mo ń po, ẹja ni mo kàn ń bù sí i díẹ̀. Mo ń bọ iṣu náà pọ̀ mọ́ ẹja nínú ìkòkò kan ṣoṣo kí òórùn ẹja lè bo ti iṣu mọ́lẹ̀. Mo ń sin èèpo rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi sì ń jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù, ó ń béèrè sí i, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé kí ó jẹ ẹ́ yó. Nígbà tí ó ń jẹ àfọ́kù ẹja, ìwọ̀nba ni ó ń jẹ. Èmi ni mo mú kí májèlé náà dùn.

Nígbà tí a padà lọ sí ilé ìwòsàn, ṣúgà rẹ̀ ti gun òkè. Dókítà wo ìwé, ó wo ọkọ mi, ó sì béèrè ẹni tí ń fún un ní iṣu. Ọkọ mi ní òun kò fi iṣu kan ẹnu. Dókítà ní, “Bàbá, ẹnu lè ṣèké, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣèké.” Ẹ mọ irú ènìyàn tí ọkọ mi jẹ́. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ na àwọn ọmọ nítorí irọ́. Láti ibẹ̀ títí a fi dé Èmùré, ó kọ ojú sí fèrèsé, nítorí wọ́n pè é ní òpùrọ́, kò sì purọ́. Èmi tí mo purọ́ jókòó tì í, mo ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Ìdákẹ́ mi nínú ọkọ̀ yẹn ni irọ́ mi àkọ́kọ́. Nígbà tí a dé ilé, ó wí pé bí òun kò bá jẹ iṣu, a jẹ́ pé ẹnì kan ń fi iṣu sí ohun tí òun ń jẹ. Ó ń wo ògiri bí ó ti ń sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ènìyàn méjì péré ni ó ń se oúnjẹ fún un: èmi ń ṣe àkàrà ẹja, Eyínfúnjowó ń ro ẹ̀fọ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi tí ó ń sọ pé, “Ṣé kì í ṣe inú ẹ̀fọ́ ni, Bàbá Ṣọlá? Àánú yín máa ń ṣe é jù.” Ẹ wo bí mo ti sọ ọ́. Mo fi àánú ṣe ọ̀bẹ.

Bàbá Bísọ́lá ni ó pè wá jọ sí pálọ̀ yìí. Ẹ jókòó bí ẹ ti jókòó yìí gan-an. Ṣọlá ọmọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, Ọmọ́lẹ́wà jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n bi Eyínfúnjowó bóyá ó ń fi èlùbọ́ tàbí iyán sí ọbẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tí ó rí i pé ẹnikẹ́ni kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ọ̀rọ̀ náà ìbá tán síbẹ̀. Bàbá Bísọ́lá ti ń wí pé bóyá ẹ̀rọ dókítà ni ó bàjẹ́. Ọkọ mi ti ń wo àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ojú rere, ó sì ti fẹ́ yí ojú rẹ̀ sí mi. Mo rí i bí ó ti ń yí orí bọ̀. Mo dìde. Mo pe orúkọ rẹ̀, orúkọ tí n kò pè rí láti ọjọ́ tí ó ti bu omi sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní, “Morónkẹ́, bí kò bá sí ohun tí o ń fi pamọ́, kí ló dé tí o fi ń lọ gún iyán nílé onílé?”

Kò dáhùn. Ó wò mí, ó sì ń dúró kí n sọ ìyókù, nítorí èmi ni mo mọ ìdáhùn náà. Èmi ni ó sọ ọ́ fún. Bí ó bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ìró odó ń dà á láàmú, yóò dójú tì í. Ó fi ìdáhùn náà lé mi lọ́wọ́ láti bá a sọ. Mo gbé e mì. Ẹ ránṣẹ́ pe Ìyá Lọ́lá, ó ní lóòótọ́ ni, ọ̀dọ̀ òun ni ó ti ń gún un, òun kò sì mọ ohun tó fà á. Bàbá Bísọ́lá wá ní kí àwa obìnrin méjèèjì gbé ọwọ́ lé Bíbélì. Morónkẹ́ gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá, ẹ sì fi ìyẹn dá wa lẹ́jọ́. Ó kúnlẹ̀ fún ọkọ mi, ó ní, “Bùrọ̀dá, ṣé ẹ gbà á gbọ́?” Ọkọ mi ní, “Ẹ̀jẹ̀ mi ni ó sọ ọ́. Kúrò nílé mi. Bí mo bá kú, má ṣe dé ibi òkú mi.” Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan, ó gun ọ̀kadà lọ sí ibùdókọ̀, ó sì padà sí Ìlúmọba. Ó fi ọmọrí odó sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. N kò lè sún un kúrò níbi tí ó fi í sí.

Mo rò pé n óò tún ayé mi ṣe. Lẹ́yìn tí ó lọ, mo kọ iṣu sílẹ̀. Mo ń fún omi ẹja dànù, mo ń fi sùúrù yí i, ó ń fọ́, mo sì ń gbé e fún ọkọ mi ní àfọ́kù. Kò pẹ́, ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ yọ̀, ẹ kọrin. Ẹ ní ẹ rí i bí, láti ìgbà tí obìnrin yẹn ti lọ ni ara ti ń yá. Ìrònúpìwàdà mi gan-an ni ó di ẹ̀rí tí ẹ fi kan Morónkẹ́ mọ́gi. Bí mo bá ní ẹ̀rí ọkàn tó tó orí abẹ́rẹ́, ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n kígbe. N kò kígbe. Mo bá yín kọrin.

Èyí tí ó burú jù lọ ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka yí àwọn àfọ́kù náà ká. Kò bínú. Ó ń ronú bí ẹni tí ń ṣírò. Ó ní, “Ó ṣe mí ní kàyéfì o, Màmá Ṣọlá. Nígbà tí Morónkẹ́ wà níbí, àkàrà rẹ kì í fọ́.” Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ń kà á. Ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ mi. Ohun tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, yóò ṣírò rẹ̀ dé òpin. Àkàrà kò fọ́, ṣúgà gun òkè. Àkàrà ń fọ́, ṣúgà wálẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé pàápàá yóò rí ìdáhùn. Mo dúró nílé ìdáná, mo di ọ̀bẹ mú, iṣu kan wà lẹ́sẹ̀ mi. Lójú mi kedere, láìsí ìtànjẹ kankan mọ́, mo mọ ohun tí iṣu náà yóò ṣe fún un. Mo tún mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí mi bí ó bá ṣírò dé òpin. Mo bẹ iṣu náà. Ní ọjọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí ìyìn, kì í ṣe nítorí kí ọkọ mi lè yó. Mo fi iṣu sínú àkàrà ọkọ mi kí ojú má baà tì mí. Àkàrà náà kò fọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ mi ti padà sípò, kò sì ṣírò mọ́.

Egbò kékeré kan yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, níbi tí bàtà ti há a. Kò jinná. Ó dúdú, ó ń rùn, ó ń gòkè. Wọ́n ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, ó kọ̀. Nígbà tí yóò fi gbà, ó ti bọ́. Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, wọ́n tún ní ṣúgà rẹ̀ ti gòkè ju ti ìṣáájú lọ. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, ó ní Morónkẹ́ ṣì ń fi nǹkan ránṣẹ́ láti Ìlúmọba, òun kò kàn mọ ẹni tó ń gbé e wọlé ni. Ó ní kí n máa ṣọ́ra, kí ó má baà pa èmi náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdúpẹ́ yẹn ni ó bá a lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi ìsìnkú rí obìnrin kan tó dúró lódìkejì títì, nínú oòrùn, tí ó fi ìborùn bo ẹnu. Ẹ rán àwọn ọ̀dọ́ sí i pé kí ó sún sẹ́yìn, ó sì sún sẹ́yìn. Nígbà tí Bísọ́lá bímọ, Eyínfúnjowó gún iyán wá láti Ìlúmọba. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì gbé e sí ìdí ògiri. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ kàn án. Mo rí i nígbà tí ó ń gbé e padà lọ, eṣinṣin ń tẹ̀ lé e. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ gbogbo yín, ẹ sọ ọwọ́ rẹ̀ di ohun tí a ń yẹra fún. Ẹ̀yin kọ́, èmi ni.

Nísinsìnyí àtọ̀gbẹ náà ti wá sọ́dọ̀ mi, ojú mi méjèèjì sì ti ń ṣú. Ẹ̀yin ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà. Ẹ ń pè lórí fóònù, ẹ ń bẹ̀ mí pé kí n gba ọmọ ọ̀dọ̀. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, Eyínfúnjowó wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ìyàwó òun ń ṣàìsàn, kò sì bójú mu kí ìyàwó ilé àwọn máa táràrà nínú òkùnkùn nígbà tí òun wà láyé. Ó béèrè ohun tí dókítà ní kí n máa jẹ, mo sọ ọ́ fún un bí nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi. Mo gbọ́ ìró epo nílé ìdáná, mo gbọ́ bí ó ti ń pòṣé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó gbé àwo wá, ó fi í lé mi lórí itan, ó sì ń tọrọ gáfárà. Ó ní, “Ìyàwó mi, má bínú, gbogbo ẹ̀ ló fọ́. Ṣùgbọ́n kò sí uṣu nínú rẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí uṣu, n kò fi sí i.”

Mo fi ọwọ́ wá àwọn àfọ́kù náà nínú àwo. Ohun tí n kò lè gbé fún ọkọ mi nítorí ìtìjú, òun gbé e fún mi, ó sì ń tọrọ gáfárà lé e lórí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìjókòó náà. N kò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ó béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun kú láìmọ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí ó dárí jì mí. Ó ní, “Èmi kọ́ ni kí o sọ ọ́ fún. Èmi mọ̀ pé n kò ṣe é. Àwọn tí kò mọ̀ ni kí o pè.” Ó gbé àwo náà, ó lọ fọ̀ ọ́. Títí di òní, kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, kò sì fi mí sílẹ̀ lébi lẹ́ẹ̀kan.

Ìdí tí mo fi pè yín nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ìyàwó tuntun, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé àfọ́kù yín síwájú ẹni tó fẹ́ràn yín, kí ó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Yẹ̀yẹ́ kì í pa ènìyàn. Ohun tí a fi ń so àfọ́kù pọ̀ kí ayé má baà rẹ́rìn-ín ni ó ń pani. Ṣọlá, Ọmọ́lẹ́wà, èmi ni mo pa bàbá yín. Bí ẹ bá fẹ́ mú mi lọ bá àwọn ọlọ́pàá, n óò tẹ̀ lé yín. Bàbá Bísọ́lá, Bíbélì náà wà lórí tábìlì. Bí ẹ bá fẹ́ kí n tún gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ mi yóò gbọ̀n lọ́tẹ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdáríjì mi lè dúró. Ìró tí ẹ ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ìró epo ni. Eyínfúnjowó wà nílé ìdáná, ó ní òun kò ní jókòó gbọ́ ohun tí òun ti mọ̀. Yóò gbé àwo jáde láìpẹ́, ẹja inú rẹ̀ yóò sì ti fọ́. Mo bẹ̀ yín lórúkọ ọkọ mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ na ọwọ́. Ẹ jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́ kù, èmi náà yóò jẹ.